Owó Mi, Láìnì Ọkọ Mi

Aránṣọ ni mí. Ní Ìsọlọ̀ la háyà yàrá kan àti pálọ̀, lápá ibi tí ọ̀nà ti ń yà lọ sí Ọ̀kè-Àfá. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé náà ni mo gbé maṣíìnì mi sí. Lánlọ́ọ̀dù gbà mí láàyè níbẹ̀ nítorí pé mo máa ń bá a tún ṣòkòtò rẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ṣòkòtò rẹ̀ kì í sì í tán nílẹ̀. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike, ọmọbìnrin kan la sì bí.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ aṣọ lè rò pé aṣọ tí a ti rán ti parí. Kò tíì parí. Etí rẹ̀ ní apá inú, bí a kò bá ká a, yóò máa tú ní fọ́nrán fọ́nrán, ẹni tó ni ín yóò sì gbé e padà wá bú wa. Ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ló ń ká etí aṣọ, òun làwa aránṣọ ń pè ní wífíìnì. Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, kò sí ẹni tó ní in ní gbogbo àdúgbò wa. Bí mo bá ti rán aṣọ bíi mélòó kan, n ó dì wọ́n sínú báàgì, n ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan nítòsí Apákùn, n ó tò sẹ́yìn àwọn aránṣọ mìíràn, n ó sanwó, n ó tún wọ kẹ̀kẹ́ padà. Owó náà ń dùn mí. Èyí tó tún ń dùn mí jù ú lọ ni bí obìnrin yẹn ṣe máa ń na ẹsẹ̀ síta, tí gbogbo wa yóò máa bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó bá wa ṣe é kíákíá, tí kò sì ní gbé ojú sókè. Mo pinnu pé n ó ra wífíìnì tèmi. Mo fẹ́ owó tó wà níbẹ̀, mi ò sì ní purọ́, mo fẹ́ kí wọ́n wá bẹ èmi náà díẹ̀.

Ọ̀dọ̀ alájọ ni mo kọ́kọ́ ń kó owó rẹ̀ sí. Bàbá àgbàlagbà kan ni, ọmọ Ìwó bíi ti ọkọ mi, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Láràárọ̀ ló ń gba iwájú maṣíìnì mi kọjá, n ó fún un ní tọjọ́ náà, yóò fàlà sórí káàdì, yóò ṣàdúrà fún mi, yóò sì máa lọ. Olóòótọ́ ni bàbá náà, n kò lè ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Kò kó owó obìnrin kankan sá rí.

Nígbà tí mo rò pé ó ti tó ìdajì ohun tí mò ń wá, mo ní kó kó o fún mi.

"Ọkọ ẹ ti wá gbà á lọ́sẹ̀ tó kọjá," ó ní. "Àbí ìwọ kọ́ lo rán an ni?"

Mo ní mi ò rán ẹnikẹ́ni.

Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ṣe nǹkan. "Ìyàwó wa, ṣé ọkọ ẹ ò wá tó gbowó ẹ ni?"

Ká ní àbúrò mi ọkùnrin ló lọ bá a ni, kò ní fún un ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ ni ọkọ, lójú tiẹ̀, ẹni tó bá fún ọkọ ti fún ìyàwó. Ó tiẹ̀ dá a lójú pé òun ṣe dáadáa.

Ibi tí owó náà lọ kò ṣòro láti mọ̀. Àbúrò ọkọ mi ti kọ́ iṣẹ́ onígbàjámọ̀ tán, ó fẹ́ ṣe fríídọ̀mù. Wọ́n ní láti ra ẹ̀rọ ìgẹrun fún un, kí wọ́n sì se oúnjẹ fún ọ̀gá rẹ̀ àti àwọn tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́. "Ṣé àbúrò mi kì í ṣe àbúrò ẹ ni?" ọkọ mi bi mí. Àbúrò mi ni, kí ni mo fẹ́ sọ? Mo wọ aṣọ tó dáa lọ síbẹ̀, mo bá wọn pín ìrẹsì, mo jẹ tèmi náà. Wífíìnì mi ni mò ń jẹ, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kórìíra ìrẹsì òde fríídọ̀mù.

Ohun tó mú mi bínú jù ni pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wa. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí mi. Bàbá mi kò mọ iye tí ìyá mi ń pa lọ́jà, kò sì béèrè. Bí ó bá fẹ́ owó lọ́wọ́ rẹ̀, yíyá ló ń yá a, yóò sì san án padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá mi a máa ránnilétí gan-an. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ló ń bá a tọ́jú èyí tó bá pọ̀, ilé rẹ̀ kò sì jìnnà sí tiwa. Bàbá mi kò jẹ́ dé ọ̀dọ̀ àna rẹ̀ kó ní òun wá gbowó ìyàwó òun. Ojú yóò tì í pa. Ṣùgbọ́n Èkó la wà. Ẹ̀gbọ́n tèmi ń bẹ ní Ìsẹ́yìn, yàrá kan àti pálọ̀ ni èmi àti ọkọ mi jọ ń gbé, orí bẹ́ẹ̀dì kan náà la ń sùn. Ibo ni mo fẹ́ fi owó pamọ́ sí? Owó tó bá sì wà nínú ilé, gbogbo ìpè ló ń dáhùn. Gáàsì tán, ó dáhùn. Wọ́n fẹ́ wá já iná, ó dáhùn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ dé láti ilé láìsọ tẹ́lẹ̀, òun náà ló máa dáhùn.

Àǹtí kan tó ń ṣe POS lábẹ́ agboòrùn ní kọ́nà wa ló là mí lójú. Mo ń rojọ́ fún un pé mo fẹ́ ṣí àkáǹtì ní báǹkì, ṣùgbọ́n n kò ní àkókò láti lọ tò síbẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi báǹkì ṣe?" ó ní. "Fóònù ẹ kékeré yẹn náà lè gba owó dúró fún ẹ."

Fóònù títẹ̀ ni, oní-tọ́ọ̀ṣì, èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àǹtí gba níìnì mi, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fún mi, ó ya àwòrán ojú mi, ó sì ní kí n yan píìnì, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí n ó máa tẹ̀ kí owó tó lè jáde.

"Má sọ ọ́ fún mi," ó ní. "Má sọ ọ́ fún Ọlọ́run pàápàá, ṣebí Ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀."

Mo yíjú sí ògiri, mo tẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ bí n ó ṣe sọ bó ṣe rí lára mi. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé ọkọ, kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan nínú ilé tó jẹ́ pé ọwọ́ èmi nìkan ló wà. Èyí ni àkọ́kọ́.

Látìgbà náà, àwọn oníbàárà tó bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́, fóònù mi ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí. Èyí tó bá wọlé ní owó tútù, n ó yọ ti oúnjẹ àti ti ilé ìwé ọmọ kúrò, n ó mú ìyókù lọ fún àǹtí, yóò bá mi fi sínú fóònù. Mo pa ohùn fóònù náà. Bí alẹ́ẹ̀tì bá wọlé, n ó kà á, n ó pa á rẹ́, n ó máa bá ìránṣọ mi lọ. Nígbà tí n kò rí owó náà lójú, kò ṣe é ná fún mi. Àní èmi alára, ó ń gbà mí lọ́wọ́ ara mi.

Ibẹ̀ la wà nígbà tí àwọn ẹbí ọkọ mi ní Ìwó ní àwọn fẹ́ ṣí òrùlé ilé bàbá wọn. Páànù ilé náà ti dípẹtà, òjò ń rọ̀ sórí àwọn àgbà tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n pín ìnáwó náà fún àwọn ọmọ ọkùnrin, ti ọkọ mi sì wúwo. Ó ń wá a káàkiri. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó ń múra ibi iṣẹ́, ó bi mí:

"Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ ni?"

"Kò sí lọ́wọ́ mi, Dádì."

Òótọ́ ni mo sọ. Kò sí lọ́wọ́ mi. Inú fóònù ló wà.

Ọkùnrin kan ní Oṣòdì tó ń ta maṣíìnì tòkunbọ̀ ti bá mi rí wífíìnì kan tó dáa. Mo fi etí àjákù aṣọ kan dán an wò, ó ká a mọ́lẹ̀ geere. Ó ní òun yóò bá mi gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan títí oṣù yóò fi parí, bí oṣù bá parí tí òun kò rí mi, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbówó wá ni òun yóò tà á fún. Owó mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ ra òwú ní Oṣòdì ni mo ń yà lọ wò ó, bí ẹni ń lọ kí aláìsàn.

Ọ̀kan nínú àwọn ìrìn àjò wọ̀nyẹn ni mò ń bọ̀, mo ń gun afárá ẹlẹ́sẹ̀, mo na ọwọ́ sí báàgì mi, mo bá síìpù rẹ̀ ní ṣíṣí. Fóònù ti lọ. N kò pariwo. Bí èèyàn bá pariwo olè ní Oṣòdì, gbogbo èrò ni yóò dúró wò ó, olè náà yóò sì bá wọn dúró.

Ọ̀dọ̀ àǹtí ni mo gbà lọ. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé owó kò sí nínú irin fóònù náà, àti pé ẹni tó gbé e kò mọ píìnì mi. Kí n kàn lọ ṣe wẹ́kọ́mù-báàkì, ìyẹn ni pé àwọn tó ni láìnì yóò fún mi ní síìmù tuntun tó ní nọ́ńbà mi àtijọ́. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sí ọ́fíìsì wọn lójú títì. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní kí n tẹ ìka. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n nu ìka náà, kí n tún un tẹ̀. Mo tún un tẹ̀.

"Sọ́rì mà," ó ní. "Ìka yín kọ́ ló wà lórí láìnì yìí. Orúkọ ọkùnrin ni mò ń rí."

Ó pe orúkọ náà. Orúkọ ọkọ mi ni.

Ó sì yé mi lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó ń fẹ́ mi, òun ló ra fóònù àkọ́kọ́ tí mo lò láyé mi. Láìnì ti wà nínú rẹ̀ nígbà tó gbé e fún mi, ó ti tẹ ìka sí i. Ó ní kí n má wulẹ̀ ṣe wàhálà kankan, kí n ṣáà máa pe òun. Inú mi dùn débi pé mo fi han gbogbo ará ilé wa. Nígbà tí ìjọba tún ní kí oníkálukú so níìnì mọ́ láìnì rẹ̀, ọmọ jòjòló wà lẹ́yìn mi, n kò lè lọ tò nínú oòrùn, òun náà ló bá mi lọ, ó sì so tirẹ̀ mọ́ ọn. Oore ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, mi ò sì ní kí ó má jẹ́ oore títí dòní. Ṣùgbọ́n owó mi ń sùn nínú ilé tí orúkọ ẹlòmíràn wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀, n kò sì mọ̀.

Èmi nìkan kọ́. Títí di ìsinsìnyí, bí obìnrin bá jókòó sọ́dọ̀ mi tó ń sọ fún mi pé òun ní owó nínú fóònù, ohun tí mo máa kọ́kọ́ bi í ni pé ìka ta ni wọ́n tẹ̀ sí láìnì rẹ̀. Àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín. Òmíràn yóò dákẹ́, yóò ronú, ojú rẹ̀ yóò sì yí padà. Àwa tí wọ́n fẹ́ níṣu lọ́kà náà, láìnì ọkọ ni ọ̀pọ̀ wa ń lò.

Mo bi àǹtí bóyá mo lè ra láìnì tuntun kí n fa owó náà sórí rẹ̀. Ó ní mo lè ṣe é, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan yóò kọ́kọ́ wọlé sórí láìnì àtijọ́, òun ni n ó tẹ̀ kí wọ́n tó gbà mí gbọ́. Kò sí ọ̀nà míì. Mo ní píìnì, n kò ní láìnì. Ọkọ mi ló ni láìnì, kò sì mọ̀ pé owó wà níbẹ̀. Oṣù ń parí lọ.

Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe pé ọkọ mi ń na obìnrin, kò nawọ́ sí mi rí. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé yóò fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí bóyá bàbá rẹ̀ kì í ṣe bàbá mi, n kò sì ní mọ ohun tí n ó sọ, bí n kò ṣe mọ̀ ọ́n nígbà fríídọ̀mù. Mo fi ọjọ́ bíi mélòó kan sún un síwájú. Mo sọ fún un níkẹyìn pé àwọn tó ni láìnì ní àfi kó tẹ̀ lé mi wá.

"Láìnì kún ìgboro," ó ní. "O ò ṣe ra òmíràn?"

"Nọ́ńbà yẹn ni àwọn kọ́sítọ́mà mi mọ̀, Dádì."

Ó gbà. Nígbà tí kò ní ṣíìfù, a jọ lọ. Mo ti yá fóònù àlòkù kan lọ́wọ́ àǹtí, ó wà nínú báàgì mi, kí n lè tètè ki síìmù náà sínú rẹ̀. Ọkọ mi tẹ ìka lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀rọ gbà á. Kí n tó ṣí báàgì, ọmọbìnrin náà ti na ọwọ́ sí ọkọ mi.

"Sà, ẹ gbé fóònù yín wá, ká fi dán an wò."

Òun ló ni láìnì, òun ni wọ́n bá sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ki síìmù náà sínú fóònù rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. A dúró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn alẹ́ẹ̀tì tí kò rí ọ̀nà wọlé láti ọjọ́ yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí já wọlé, ìkan lórí ìkejì. Ọ̀gá ilé ìwé kan tí mo rán yunifọ́ọ̀mù fún ti sanwó. Ìyàwó tuntun kan ti san ti búláòsì rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ àpapọ̀ ohun tó wà nílẹ̀ sí. Mo rí i bó ṣe ń fi àtàǹpàkò fà á sókè, tó tún ń fà á sísàlẹ̀.

"Owó ta nìyí?"

"Owó mi ni."

Ó tún un wò. "Ó tó òrùlé," ó ní.

"Ó tó wífíìnì," mo ní.

Ọmọbìnrin náà pe ẹni tó kàn.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa padà, àpò àyà rẹ̀ ni fóònù náà wà. Èmi jókòó ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, n kò gbé ojú kúrò lára àpò náà. A délé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà mi lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó sì ní kí èmi náà jókòó.

"Mo bi ọ́. O ní kò sí."

"Ẹ bi mí."

"Ṣé olè ni mí ni?"

"Ẹ kì í ṣe olè, Dádì. Olè kì í lọ gbowó ní ọ̀sán gangan lọ́wọ́ alájọ, kí alájọ tún kí i kó tó máa lọ."

Ó mí kanlẹ̀. "Ọ̀rọ̀ àjọ yẹn náà ni? Mo rò pé ó ti tán."

"Lẹ́nu yín ló ti tán."

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní n kò jẹ ẹ́ ní owó oúnjẹ rí, n kò sì jẹ́ kó dá ilé ìwé ọmọ gbé. Mo ní ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyẹn, òógùn mi ni, mo sì fẹ́ fi ra nǹkan kan ṣoṣo láyé tí n ó wò tí n ó mọ̀ pé èmi ni mo rà á. Mo sọ fún un bí mo ṣe ń tò ní Apákùn, bí obìnrin yẹn ṣe máa ń na ẹsẹ̀. Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀, mo sì bínú sí omi náà, torí n kò fẹ́ kó dà bí ẹ̀bẹ̀. Mo ní bí ó bá fẹ́, ó lè gba láìnì rẹ̀, n kò ní sọ píìnì.

Kò tíì dáhùn tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, láti Ìwó. Mo ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n náà láti ibi tí mo wà: òjò ti tún rọ̀, káfíńtà ti dé, tirẹ̀ nìkan ni wọ́n ń retí. Síìmù mi wà nínú fóònù tó gbé sétí yẹn.

"Rárá sà," ọkọ mi ní. "Kò tíì sí lọ́wọ́ mi." Ó fetí sílẹ̀ pẹ́. "Ẹ má bínú sà. Mi ò rówó. Kí wọ́n ṣe é dé ibi tó bá dé, n ó bá wọn parí rẹ̀."

Ó pa fóònù náà. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó yọ síìmù mi, ó gbé e lé orí pákó maṣíìnì mi, ó sì jáde.

N kò dúró kí ọkàn rẹ̀ yí padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an ni mo lọ ra láìnì tuntun, tí mo fi ìka ọwọ́ ara mi tẹ̀, tí mo so níìnì tèmi mọ́ ọn. Àǹtí bá mi fa gbogbo rẹ̀ sórí ìyẹn. Síìmù àtijọ́, mo dá a padà fún ọkọ mi. Kò gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní kí n gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n.

Ó bínú, ìbínú náà sì pẹ́. Ọmọ wa ló ń rán sí mi. "Sọ fún mọ́mì ẹ pé iyọ̀ ò tó." Ọmọ náà yóò yíjú sí mi, bẹ́ẹ̀ abọ́ ọbẹ̀ kan náà ló wà láàárín wa: "Mọ́mì, dádì ní iyọ̀ ò tó." Èmi náà yóò ní kó sọ fún dádì rẹ̀ pé iyọ̀ wà níwájú wọn. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Mo mọ̀ pé ìtìjú ló jẹ́ fún un nílé, pé àwọn àbúrò rẹ̀ pàápàá ti mú tiwọn wá. Ó ti wà lọ́kàn mi pé kí n mú díẹ̀ fún un. N kò mú un. Bí mo bá mú díẹ̀, wífíìnì lọ nìyẹn, n ó sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Kí oṣù tó parí, mo lọ sí Oṣòdì. Ọlọ́jà maṣíìnì náà ń wo ẹ̀yìn mi.

"Ṣé dádì ń bọ̀ lẹ́yìn ni, mà?"

Mo ní kò sí dádì kankan tó ń bọ̀. Mo yọ fóònù àlòkù náà, mo tẹ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀, mo tẹ píìnì mi. Fóònù tirẹ̀ dún lórí tábìlì. Ó kà á, ó sì pe àwọn tí yóò bá mi gbé e sínú kẹ̀kẹ́.

Irin ni maṣíìnì náà, ó wúwo bí nǹkan míì. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ dé nígbà tí kẹ̀kẹ́ dúró lẹ́nu géètì. Ó wò ó, ó wo èmi àti oníkẹ̀kẹ́ tí a ń fà á lọ fà á bọ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó gbé ike oúnjẹ rẹ̀ fún mi dání, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé orí maṣíìnì náà lé èjìká, ó sì wọlé. Ariwo irin náà ni àwọn ará ilé gbọ́ tí wọ́n fi jáde. Bàbá tó ń gbé òkè wa fara ti irin àtẹ̀gùn, àwọn obìnrin ìsàlẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ẹ kú ìnáwó o," bàbá náà kí ọkọ mi láti òkè. "Báyìí ló yẹ kí ọkùnrin máa ṣe fún ìyàwó ẹ̀. Ọlọ́run á dá a padà."

Àwọn obìnrin náà kúnlẹ̀ kí i. Ọ̀kan wò mí, ó ní orí ọkọ ni mo ní.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ike oúnjẹ. N kò lẹ́nu láti tú ọkọ mi síta lójú gbogbo ilé. Tẹlifíṣọ̀n tó wà ní pálọ̀ wa, owó ìránṣọ mi ló ra ju ìdajì rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tó dé, òun ni wọ́n kí, òun ló sì ṣe àmín. Mo ń dúró de àmín náà.

Ó sọ maṣíìnì kalẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn iwájú orí rẹ̀, ó sì gbé ojú sókè sí bàbá náà.

"Èmi kọ́ ni mo náwó o, bàbá," ó ní. "Òun ló rà á. Òun ni kẹ́ ẹ kí."

Bàbá náà wá yíjú sí mi, ó ní kí Ọlọ́run dá a padà fún mi. Mo gbé ike oúnjẹ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sì ṣe àmín.